Àmì Pupa Má-yí-i

Ohun tí àwọn ará àdúgbò wa máa ń sọ ni pé Má-yí-i ń ṣe jìtá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣe jìtá rí láyé rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Àpótí irin kékeré ni ó ń ṣe, èyí tí kò ju àwo ọṣẹ lọ, tí oníjìtá máa ń gbé sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà kan ti inú jìtá wọ àpótí náà, òmíràn ti inú àpótí lọ sí sípíkà. Bí oníjìtá bá fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀, ohùn jìtá tó ti rí pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀ yóò ki, yóò gbóná, yóò máa fà bí ohùn ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí a mọ̀. Iṣẹ́ Má-yí-i nìyẹn. Ẹni tó bá tún ní jìtá ni ó ń ṣe, kí ó lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Ó ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló di orúkọ fún un. Kókó kan máa ń wà lórí àpótí kọ̀ọ̀kan, tí a fi ń dín ohùn tín-ín-rín kù tàbí tí a fi ń bù kún un. Bí Má-yí-i bá ti parí iṣẹ́, yóò ta okùn jìtá, yóò máa yí kókó náà díẹ̀díẹ̀, yóò dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìẹ tó gbọ́ ìró àwòdì, títí yóò fi dé ibi tí etí rẹ̀ bá ní ó tó. Nígbà náà ni yóò mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná, yóò fi kán àmì kan sára kókó, yóò kán òmíràn sára irin, kí àmì méjèèjì kojú síra. "Ibi tó yẹ kó wà nìyí," ni yóò wí. "Má yí i." Bí oníbàárà bá jẹ́ àgbàlagbà, yóò fi "ẹ" ṣíwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn àṣẹ náà kò yàtọ̀.

Ara ọkùnrin náà kì í balẹ̀. Lórí ìdúró ni ó ti ń ṣiṣẹ́, wáyà ló sì jókòó sórí àga rẹ̀. Bí ó bá yọ́ òjé díẹ̀ láti fi lẹ wáyà mọ́ ìdí irin kan, yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà, yóò wo òde bí ẹni tí wọ́n ń pè, yóò padà wá, yóò yọ́ òmíràn. Lórí ìdúró ló ń jẹun. Yàrá ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Yàrá iwájú, tó kọjú sí títì, ni ti ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ télọ̀. Aṣọ ìkélé ló pín wọn níyà, ohun tí ọ̀kan bá sì ṣe, èkejì ń gbọ́.

Tàbí kí n sọ pé ó yẹ kí ó máa gbọ́. Ní ọjọ́ kan tí mo mú ṣòkòtò mi lọ kí wọ́n bá mi ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyàwó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó pariwo sẹ́yìn ìkélé.

"Bàbá wọn! Ẹ dákun, ẹ wá kán òróró sí ẹ̀rọ yìí. Ó ń súfèé."

Má-yí-i jáde, ó tẹ etí lélẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ. "Kò súfèé o. Ẹ̀rọ rẹ yìí ń rìn bí epo. Etí rẹ ló ń súfèé."

"Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí a ti ń ṣe ọ̀lẹ."

A jọ rẹ́rìn-ín. Èmi gbọ́ ìfé náà, ó ń dún tín-ín bí ẹ̀fọn lẹ́bàá etí. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó kàn ń yẹ iṣẹ́ ilé sílẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọkọ ti máa ń ṣe.

Iṣẹ́ inú àpótí náà kò ṣòro láti yé ni bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ létòlétò. Ohùn jìtá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ohùn kíki àti ohùn tín-ín-rín ló jọ ń rìn nínú wáyà, bí àgbà àti ọmọdé tó jọ ń lọ lójú ọ̀nà kan. Nínú àpótí, Má-yí-i a la ọ̀nà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá. Ọ̀nà kékeré yìí kì í dé ọ̀dọ̀ sípíkà; ilẹ̀ ni ó wọ̀, ohùn tó bá sì gba ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kapásítọ̀, ohun bíńtín bí ẹ̀wà, tó ní ẹsẹ̀ wáyà méjì. Bí kapásítọ̀ bá kéré, ohùn tó tín-ín-rín jù lọ nìkan ni yóò jẹ́ kí ó kọjá. Bí ó bá tóbi, ohùn tó ki díẹ̀ pàápàá yóò bá a lọ, èyí tó kù fún sípíkà yóò sì rọ̀. Kókó tí a ń yí ni ilẹ̀kùn ọ̀nà náà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó le níbẹ̀ ni mímọ ìgbà tó tó, etí nìkan ni Má-yí-i sì fi ń mọ̀ ọ́n. Kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ohùn. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. "Etí mi ni ìwé mi," ló máa ń wí. Bí ó bá sì ti parí, yóò da gọ́ọ̀mù dúdú kan bo gbogbo inú àpótí, èyí tó máa ń le bí òkúta, kí oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà wo ọgbọ́n rẹ̀. Mo sọ fún un rí pé ìwé tí kò ní ẹ̀dà, ikán kan ṣoṣo ló kù fún un. Ó ní tíṣà ni mí, pé kò sí bí mi ò ṣe ní wí bẹ́ẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpótí fún. Òun ni oníjìtá inú ìdílé náà. Ohùn àpótí yẹn ni gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ta okùn kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó wà lójú títì ti mọ̀ pé òun ni. Kò lo àpótí ẹlòmíràn rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbé àpótí náà wá nínú ọ̀rá. Ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí agolo tí ọmọdé fi gbá bọ́ọ̀lù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wo ọmọ yín."

Má-yí-i gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ta ló pa á?"

"Mọ́tò tiwa náà ni. A ń kó ẹrù, awakọ̀ ń fẹ̀yìn rìn, ó ní òun rò pé òkúta lòun gùn."

"Awakọ̀ yín kò mọ òkúta yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́?"

"Ẹ fi awakọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin wa sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, àkọ́gbà wa nìyí. Jìtá tèmi nìkan ló máa ṣí orin àkọ́kọ́, kò sí ìlù, kò sí ohùn ènìyàn tó máa bò ó. Ohùn yìí ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ èyí tó jọ ọ́."

Ojú Má-yí-i tàn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì wọ inú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ rí. Orí ìtàgé ni gbogbo rẹ̀ ti ń dún tí ó sì ń parẹ́. Ó ní, "Ohun tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan, ta ló ní mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì? Wá gbà á lọ́la."

Nígbà tí àbúrò wá gbà á, ó ki jìtá bọ̀ ọ́, ó ta okùn lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ bo okùn náà kíá.

"Ó ń gún mi létí."

"Kí ló ń gún ọ? Ohùn tó mọ́ nìyẹn."

"Ó mọ́ bí abẹ́rẹ́. Ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣe báyìí."

Má-yí-i gba àpótí náà, ó tú u, ó pààrọ̀ kapásítọ̀ rẹ̀, ó rìn lọ rìn bọ̀, ó tún kán àmì pupa sí i. Àbúrò tún ta á. Ó tún ń gún un. Wọ́n ṣe báyìí títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, ọ̀kan ń ta, èkejì ń pààrọ̀, títí ohùn tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pàápàá fi ń gún ni.

"Ìlù tí wọ́n ń lù sí ọ létí lálaalẹ́ ló ti bà á jẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ìlù? Bọ̀ọ̀dá mi, ẹnu tó ń rùn, ẹni tó ni ín kì í gbóòórùn rẹ̀ o."

"Ta lẹnu ẹ̀ ń rùn?"

"Òwe ni mo pa."

Ìbínú yẹn ni Má-yí-i fi mú ọ̀bẹ àti òòlù kékeré, tó bẹ̀rẹ̀ sí í la gọ́ọ̀mù dúdú inú àpótí tó fọ́. Ó fẹ́ mú ẹ̀rí jáde. Gọ́ọ̀mù tí òun fúnra rẹ̀ dà kò fẹ́ kí òun náà wọlé. Ó ń fò bí èédú sára ògiri. Nígbà tó la á tán, kapásítọ̀ kan jábọ́ sórí tábìlì. Ó ti là sí méjì. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó sanra bí ẹ̀pà. Àwọn tí Má-yí-i ń lò báyìí jẹ́ aláwọ̀ ewé, wọn kò tó ìdajì rẹ̀.

Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Ta ló ṣí àpótí mi?"

"Kí lẹ wí?"

"O gbé e fún ẹlòmíràn tún ṣe. Má purọ́ fún mi. Èmi kọ́ ni mo fi èyí síbẹ̀. Ọ̀bọ pàápàá kò ní fi irú èyí síbẹ̀. Bí ẹni fi tìmùtìmù bo ohùn lẹ́nu ló máa rí!"

"Gọ́ọ̀mù tí ẹ fi òòlù là lójú mi báyìí? Ta ló lè ṣí i kí ó tún dà á padà?" Ó ti ń ká wáyà rẹ̀ jọ. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n l'Ọ́jọ́bọ̀, ohun tí mo bá rí yá ni màá gbé lọ. Ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀tá mi, èmi náà kì í ṣe òpùrọ́."

Ó jáde. Ó kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń kọjá, nítorí ó ní ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò dúró.

Ìyàwó fa ìkélé sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bàbá wọn, ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni."

"Ìpàkọ́ wo? Fi mí sílẹ̀, jàre."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo padà lọ gba ṣòkòtò mi. Ìyàwó kò tíì ṣe é tán, nítorí náà mo jókòó dè é, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ Má-yí-i lẹ́yìn ìkélé, láti tábìlì dé fèrèsé, láti fèrèsé dé tábìlì. Kò rí iṣẹ́ kankan tẹjú mọ́. Ó wá ń nu àwọn àpótí àtijọ́ tí àwọn oníbàárà kó wá fún àtúnṣe. Kì í ṣe ohùn wọn ló bàjẹ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló máa ń ba bọ́tìnnì wọn jẹ́. Ó ń fi àkísà nù wọ́n ni, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣófo.

Lójijì, ẹsẹ̀ náà dúró.

Ohun tí ó rí, òun ló fi hàn mí lẹ́yìn náà. Òógùn àti eruku ti dì yí ìdí kókó àpótí kọ̀ọ̀kan ká, débi pé bí a bá wò ó, a mọ ibi tí kókó náà máa ń wà lójoojúmọ́. Lórí àpótí tó pẹ́ jù, àmì pupa kojú sí àmì pupa. Ẹni tó ni ín kò yí i rí lóòótọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fà á sẹ́yìn díẹ̀, síhà ibi tí ohùn tín-ín-rín ti ń dín kù. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àwọn tó ṣe láìpẹ́, wọ́n ti yí kókó dé òpin, níbi tí kò ti sí ibòmíràn tí a lè yí i sí, eruku sì ti bo àmì pupa tó wà lára irin. Ọ̀dà tí ó fi kun wọ́n ni ó fi mọ ọjọ́ orí wọn, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì bí ọmọ ìyá kan náà, láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn. Oníjìtá tó ni ọ̀kan kò mọ ẹni tó ni èkejì. Gbogbo wọn ló ń sá fún ohùn kan náà, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún Má-yí-i débi pé kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ó jáde wá sí yàrá iwájú. Àkísà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá wọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ẹ̀rọ yẹn. Ó ń súfèé lóòótọ́?"

Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Mo ti pariwo rẹ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ mí."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Má-yí-i bẹ̀rẹ̀ títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ. Ìfé náà ń dún, kò dákẹ́ rárá. Ó gbójú sókè wò mí.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Báyìí? Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí?"

"Báyìí."

Ó nàró. Ó lọ sójú títì, ó padà. Ó fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó gbé àga, ó tún gbé e padà síbi tó wà.

"Ta ni yóò gba àpótí ohùn lọ́wọ́ adití?"

"Ẹ ò dití," ni ìyàwó wí. "Bí mo bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ níbí, ẹ máa ń gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Ohun tín-ín-rín yìí nìkan lẹ ò gbọ́. Ẹ jókòó ná."

Kò jókòó. Ó fa fóònù yọ, ó pe àbúrò rẹ̀. A gbọ́ bí ìyẹn ṣe ń ṣàlàyé pé òun ti yá àpótí ẹnì kan, pé kò burú, pé òun yóò gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Má-yí-i jẹ́ kí ó sọ tán.

"Wá," ló wí. "Má mú nǹkan kan dání ju jìtá rẹ àti etí rẹ lọ."

Ó wá, ó káwọ́ mọ́ àyà. Má-yí-i ti da agolo mílíìkì tó kó ẹrù àtijọ́ sí sórí tábìlì, ó ti ń wá nínú rẹ̀, títí ó fi rí àwọn kapásítọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ mélòó kan nísàlẹ̀ pátápátá, eruku ti bò wọ́n. Ó fi wáyà tí ẹnu rẹ̀ ń la tó ń pa dé bí ti ọ̀nì gé ọ̀kan mú sínú àpótí tuntun náà, láì yọ́ òjé sí i.

"Máa ta á. Ojú rẹ ni màá wò. Bí iwájú orí rẹ bá ti tú, ibẹ̀ ni màá dúró."

Àbúrò rẹ̀ wò ó. "Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Kì í ṣe òun là ń wá."

Ọ̀rọ̀ náà yé e. Mo rí i pé ó yé e, nítorí apá rẹ̀ tú sílẹ̀, kò sì pa òwe kankan mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn. Ẹ̀gbọ́n pààrọ̀ kapásítọ̀, ó yí kókó, kò wo kókó náà, iwájú orí àbúrò rẹ̀ ló tẹjú mọ́ bí ẹni tó ń ka àmì ojú ọ̀nà nínú kùrukùru. Ó ki jù. Ó tún ń gún un díẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó kọjá.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lójijì, ohùn rẹ̀ sì wọlé láti ẹ̀yìn ìkélé: "Ẹ̀n-hẹ́n! Òun nìyẹn! Ẹ ti jí i dìde!"

Àbúrò ṣáà ń ta á lọ. Ó dijú.

Nígbà tó tó àkókò, Má-yí-i yọ́ òjé sí kapásítọ̀ náà kí ó lè dúró, ó sì de àpótí náà pa. Àbúrò béèrè pé gọ́ọ̀mù dúdú ńkọ́. Ó ní kò sí gọ́ọ̀mù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò, kí ó wò. Àbúrò mú kútẹ́ẹ̀sì, ó kán àmì náà fúnra rẹ̀. Kò gún régé rárá, ó ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí omi imú. Ọwọ́ Má-yí-i ti dé ibẹ̀ láti nù ún.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni àbúrò wí, "ẹ má yí i."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́.

Kí n má purọ́ pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ó kán òróró sí ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀, ó ní kí ó tẹ̀ ẹ́, ó bi í bóyá ó ti dákẹ́. Ìyàwó ní ó ti dákẹ́. Ó bi èmi náà. Mo ní ó ti dákẹ́. Ó tún kán òmíràn sí i bí ẹni tí kò gbà wá gbọ́, òróró sì ta sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi. Ó ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà tó ṣe àpótí fún láìpẹ́ pé kí wọ́n kó wọn padà wá. Àwọn kan kó wọn wá. Ọ̀kan ní òun kò ní í kó tòun wá, pé òun ti mọ bí òun ṣe ń bá a gbé.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba orin náà tán, àbúrò fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Má-yí-i so fóònù mọ́ sípíkà rẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe èmi náà láti ojú títì. A dúró ní yàrá ẹ̀yìn. Jìtá nìkan ló ṣí orin, bí ó ti wí, ohùn náà sì wọlé gbígbóná, ó rọ̀, ó ń fà, kò gún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó dà bí pé wọ́n fi aṣọ bò ó," ni Má-yí-i wí pẹ̀lẹ́.

"Wọn ò fi nǹkan kan bò ó, Bàbá wọn. Bó ṣe máa ń rí látijọ́ nìyí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Sípíkà rẹ̀ ní kókó tirẹ̀, tí a fi ń fi ohùn tín-ín-rín kún orin. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìka rẹ̀ méjì di kókó náà mú, wọ́n dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, bí ó ti wo ti àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́, ó tì í bọ àpò, ó jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún jáde.

"Ó ti parí?" ni ó ké láti òde.

"Kò tíì parí," ni ìyàwó wí. "Ẹ wọlé."

Ó wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí wáyà jókòó lé.